Ta ló jẹ ta ní gbèsè? Bí Ìráàkì àti Kùwéètì ṣe padà ń bá ara wọn dòwò pọ̀ lẹ́yìn ogun

Ní oṣù kejì ọdún 2018, àwọn aṣojú ìjọba, ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ ńláńlá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Kuwait City. Bí wọn yóò ṣe rówó tún Ìráàkì ṣe ló kó wọn jọ, torí ogun tí wọ́n bá àwọn agbésùmọ̀mí ISIS jà ti sọ Mosul àti àwọn ìlú mìíràn di àlàpà. Kùwéètì ló gbàlejò. Sheikh Sabah al-Ahmad, tó wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé Kùwéètì yóò gbé bílíọ̀nù 2 dọ́là kalẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìpàdé yẹn, Ìráàkì ṣì ní bílíọ̀nù 4.6 dọ́là tí kò tíì san fún Kùwéètì lórí ogun tó gbé wọ ibẹ̀ ní ọdún 1990. Báwo ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó ṣe tún wá ń bá ẹni tó jẹ ẹ́ tọrọ owó kiri? Ṣé ó ti fa igi lé gbèsè náà ni? Rárá. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Ìráàkì tún bẹ̀rẹ̀ sí í san owó náà fún un.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé owó tó ń ti Baghdad lọ sí Kuwait City àti èyí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kì í ṣe oríṣi owó kan. Àwọn oníròyìn á sọ pé "owó" ṣáá, wọ́n á sì kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọlọ́jà méjì tí ìsọ̀ wọn fara kanra ṣe àpẹẹrẹ. Lágbájá yá owó lọ́wọ́ Làkáṣègbè: gbèsè nìyẹn. Ìjà wá dé, Lágbájá fọ́ ìsọ̀ Làkáṣègbè, ó sì kó o lẹ́rù lọ. Owó tí àwọn àgbà ọjà bá ní kó san lórí ìyẹn, gbà-má-bínú ni, kò sì pa gbèsè àkọ́kọ́ rẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, iná jó ìsọ̀ Lágbájá fúnra rẹ̀, Làkáṣègbè wá yá a lówó kó fi tún un kọ́: ẹ̀yáwó tuntun nìyẹn. Bí Làkáṣègbè bá wá gbé ọjà tirẹ̀ sínú ìsọ̀ náà kó lè jèrè lára àwọn tó ń wọlé rajà, a ti kúrò nínú gbèsè àti gbà-má-bínú, ìdókòòwò ló kàn. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló wà láàárín Ìráàkì àti Kùwéètì, ìgbà mìíràn sì wà tí gbogbo wọn ń rìn pọ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo.

Gbèsè ló ṣáájú ogun. Láti 1980 sí 1988 ni Ìráàkì fi bá Ìráànì jà. Ẹ̀rù Ìráànì ń ba Kùwéètì, ó sì yá Ìráàkì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 14 dọ́là. Nígbà tí ogun yẹn parí, Saddam Hussein fẹ́ kí Kùwéètì gbàgbé owó náà, Kùwéètì kò gbà. Iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì sì ń já wálẹ̀. Saddam ní Kùwéètì ló fà á, pé epo tó ń wà ju ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ OPEC fún un lọ, pé ó sì tún ń fa epo Ìráàkì ní Rumaila lẹ́bàá ààlà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Kùwéètì. Kó tó di òpin oṣù yẹn, ó ti kéde pé Kùwéètì ti di ìpínlẹ̀ kọkàndínlógún ní Ìráàkì.

Àwọn ọmọ ogun àjùmọ̀ní tí Amẹ́ríkà ṣáájú wọn lé e jáde ní oṣù kejì ọdún 1991. Bí àwọn ọmọ ogun Ìráàkì ṣe ń sá lọ ni wọ́n ń ti iná bọ kànga epo, ó lé ní 600 kànga. Èéfín náà ṣú débi pé àwọn awakọ̀ ní láti tan iná mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ni wọ́n tó pa iná kànga tó gbẹ̀yìn. Ẹ fi iná yìí sọ́kàn, torí owó rẹ̀ ni Ìráàkì san gbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọdún 30.

Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló pàṣẹ gbà-má-bínú náà, nínú ìpinnu 687 tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 1991. Wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní Geneva láti máa gba ẹ̀sùn, láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì san owó. Ìgbìmọ̀ náà ṣe ohun kan tí mo gbà pé ó dára gidi: àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún àjèjì ló ń ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì àti Ìráàkì nígbà tí ogun dé, àwọn ará Íjíbítì, Íńdíà, Sri Lanka, Bangladesh, Philippines àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gba aginjù sá lọ sí Jọ́dánì láìmú nǹkan kan dání. Obìnrin tó wá láti Sri Lanka láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kò lè mú rìsíìtì kankan wá. Ìgbìmọ̀ náà kò sì béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti lè fi hàn pé òun wà níbẹ̀, pé ogun ló sì lé òun kúrò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni 2,500 dọ́là, ó kéré tán. Àwọn ilé iṣẹ́ àti ìjọba tó ń bèèrè bílíọ̀nù ní láti dúró ná.

Gbogbo ẹ̀sùn tó dé Geneva tó mílíọ̀nù 2.7, owó tí wọ́n sì béèrè lápapọ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 352.5 dọ́là. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ yẹ̀ wọ́n wò tán, bílíọ̀nù 52.4 ni wọ́n fọwọ́ sí, fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 olùbéèrè. Ìyẹn ni pé nínú dọ́là 7 tí èèyàn béèrè, bíi dọ́là 1 péré ni wọ́n gbà pé ó tọ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń pariwo pé wọ́n kàn fi Ìráàkì jẹ ni mọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnira tó bá àwọn ará ibẹ̀ kò kéré.

Níbo ni Ìráàkì ti rówó san? Nínú epo ni. Wọn kò dá ọjọ́ tí yóò san án tán fún un. Ìdá kan nínú owó epo tó bá tà ni wọ́n ń yọ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Àṣẹ àkọ́kọ́ ní kò gbọ́dọ̀ ju 30 lọ nínú 100. Ní 2000, wọ́n dín in sí 25. Nígbà tí Saddam kúrò lórí oyè ní 2003, wọ́n dín in kù sí 5 nínú 100, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ta àgbá epo kan ní 60 dọ́là, dọ́là 3 ló ń lọ sínú àpò gbà-má-bínú. Lẹ́yìn tí ISIS gba ìdá ńlá nínú ilẹ̀ Ìráàkì ní 2014, Kùwéètì gbà kí wọ́n dá sísan dúró títí di 2018. Bílíọ̀nù 4.6 tó kù nígbà náà, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Kùwéètì ló ni ín, owó epo tó jóná nínú àwọn kànga yẹn ni. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022, mílíọ̀nù 629 dọ́là tó gbẹ̀yìn wọlé. Ní oṣù kejì, Ìgbìmọ̀ Ààbò ṣe ìpinnu 2621, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀ Geneva náà pa.

Nígbà tí wọ́n san án tán yìí, ó ju ìdajì àwọn ará Ìráàkì lọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Saddam wọ Kùwéètì. Ọmọ tí wọ́n bí ní Basra, ìlú ńlá kan ní gúúsù Ìráàkì, ní 2000 dàgbà síbi tí iná mànàmáná kì í dúró lẹ́ẹ̀rùn, tí omi ẹ̀rọ ń kan iyọ̀ lẹ́nu, owó epo tí wọ́n ń wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ sì ń lọ san ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì náà: èèyàn 605 ni Kùwéètì ń wá lẹ́yìn ogun, àwọn tí wọ́n kó lọ tí wọn kò padà wálé. Àwọn kan ni wọ́n rí egungun wọn nínú kòtò òkú ní aginjù gúúsù Ìráàkì, ní ọdún 2019, ìyẹn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó gbàgbé?

Èrò tèmi ni pé bí wọ́n ṣe san owó náà tán pátá ló jẹ́ kí òwò rọrùn. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gé owó epo rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹ̀rù á máa ba ilé ìfowópamọ́ láti yá a lówó, ẹ̀rù á sì máa ba oníṣòwò pé ohun tí òun bá rà níbẹ̀ lè di ohun tí wọ́n fi òfin gbà.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú fi í hàn kedere. Nígbà ogun, Ìráàkì kó ọkọ̀ òfurufú 10 tó jẹ́ ti Kuwait Airways. Àdó olóró ba 4 jẹ́ ní Mosul, wọ́n sì fò 6 lọ sí Ìráànì. Kuwait Airways gbé Iraqi Airways lọ sílé ẹjọ́ ní London, ẹjọ́ náà sì lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń bèèrè ju bílíọ̀nù 1 dọ́là lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Iraqi Airways fi ọkọ̀ òfurufú rìn láti Baghdad sí London fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Bó ṣe balẹ̀ ní Gatwick báyìí, àwọn agbẹjọ́rò Kùwéètì ti dúró pẹ̀lú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n sì gba ìwé ìrìnnà ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Ìráàkì ní àwọn kúkú máa tú ilé iṣẹ́ náà ká.

Ọdún 2012 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀. Ìráàkì gbà láti san mílíọ̀nù 500 dọ́là: 300 lọ́wọ́, 200 tó kù ni wọ́n sì fẹ́ fi dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò jọ ni sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2013, ọkọ̀ Iraqi Airways balẹ̀ ní Kùwéètì, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1990. Láti Baghdad sí ibẹ̀ kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ lójú òfurufú. Ẹ kíyè sí 200 yẹn: wọ́n mú lára owó ìjà, wọ́n sọ ọ́ di owó òwò. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀tá àná sábà máa ń gbà wọ àdéhùn nìyẹn, torí ó rọrùn fún aṣòfin láti gbà pé "a fi owó wa dòwò" ju kó gbà pé "a dárí jì wọ́n" lọ.

Ti gbèsè ìgbà ogun Ìráànì ńkọ́? Ní 2004, àwọn orílẹ̀-èdè olówó tó wà nínú ẹgbẹ́ Paris Club fa igi lé 80 nínú 100 gbèsè tí Ìráàkì jẹ wọ́n. Kùwéètì kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn, àwọn aṣòfin rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì sétí.

Kò ṣẹlẹ̀ pé àwọn oníṣòwò dúró de gbogbo èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo fóònù ní Nàìjíríà láti nǹkan bíi ọdún 2008 yóò rántí Zain, tó gba ipò Celtel kó tó di Airtel ní 2010. Kùwéètì ni Zain ti wá. MTC ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìjọba Kùwéètì sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ní 2003, nígbà tí ìbọn ṣì ń dún, tí Ìráàkì sì ń gbé 5 nínú 100 owó epo rẹ̀ lọ sí Geneva, ilé iṣẹ́ Kùwéètì yìí ti gba ìwé àṣẹ láti gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kalẹ̀ ní gúúsù Ìráàkì. Ní 2007, ó san bílíọ̀nù 1.25 dọ́là fún ìwé àṣẹ ọdún 15, ó sì tún ra Iraqna, tó jẹ́ alábàádíje rẹ̀, ní bílíọ̀nù 1.2. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ilé iṣẹ́ fóònù tó tóbi jù ní Ìráàkì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá Kùwéètì jà ń fi káàdì Kùwéètì pe ìyàwó rẹ̀. Kí ló mú wọn wọ ibi tí ogun ṣì wà? Nítorí fóònù alágbèéká kò wọ́pọ̀ rárá ní Ìráàkì nígbà Saddam, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ni yóò ní gbogbo oníbàárà. Àwọn ilé ìfowópamọ́ Kùwéètì náà tẹ̀ lé wọn, wọ́n ra ìpín nínú àwọn báǹkì Ìráàkì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìpàdé ọdún 2018. Ìráàkì ní òun nílò bílíọ̀nù 88 dọ́là. Nígbà tí ìpàdé tú ká, ìròyìn gbé e pé bílíọ̀nù 30 ni wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó náà ti wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlérí ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yáwó àti owó ìdúró, ìyẹn pé ìjọba kan yóò dúró fún ilé iṣẹ́ tirẹ̀, bí ilé iṣẹ́ náà bá lọ ta ẹ̀rọ tàbí kọ́ nǹkan ní Ìráàkì. Tọ́kì ní bílíọ̀nù 5, ẹ̀yáwó ni. Bílíọ̀nù 2 ti Kùwéètì pín sí méjì: bílíọ̀nù 1 ẹ̀yáwó, bílíọ̀nù 1 ìdókòòwò. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yáwó náà, Ìráàkì yóò san án padà. Ti ìdókòòwò, bí Ìráàkì kò bá mú iṣẹ́ tó lè pa èrè wá, tí kò sì lè dáàbò bo ẹni tó wá ṣe é, owó náà kò ní kúrò ní Kùwéètì.

Láti ìgbà náà, Kùwéètì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó kù lágbègbè Gulf ti gbà láti ta 500 mẹ́gáwáàtì iná mànàmáná fún gúúsù Ìráàkì. Àdéhùn rẹ̀ wáyé ní 2019, wáyà rẹ̀ sì ní láti gba ilẹ̀ Kùwéètì kọjá. Irú nǹkan báyìí ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù, torí ará Basra tó bá tan iná lálẹ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé àlàáfíà wà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àlàáfíà náà lójúkojú, Safwan ni kí ẹ wò. Ìlú kékeré ni, lẹ́bàá ààlà, wọ́n ń gbin tòmátì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà àti ti Ìráàkì ti pàdé ní oṣù kẹta ọdún 1991 lórí bí ìjà yóò ṣe dáwọ́ dúró. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fa ààlà ní 1993, ó la oko àwọn kan kọjá, oko ará Ìráàkì sì bọ́ sí ilẹ̀ Kùwéètì. Àjọ náà ní kí wọ́n san owó fún àwọn àgbẹ̀ tó pàdánù oko wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Basra gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù Gulf, ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìráàkì láti 1979. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Kùwéètì wa ọkọ̀ gba Safwan kọjá, wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Basra fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń gbà wọ́n sílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dé yẹn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ìráàkì rí láyé wọn.

Orí omi ni ọ̀rọ̀ ti kù. Etíkun Ìráàkì kò tó 60 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ Umm Qasr, tó jẹ́ èbúté tí oúnjẹ àti ọjà Ìráàkì ń gbà wọlé, gbọ́dọ̀ gba ojú omi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Khor Abdullah. Kùwéètì àti Ìráàkì ló jọ ni ín. Kùwéètì bẹ̀rẹ̀ èbúté Mubarak al-Kabeer ní erékùṣù Bubiyan lẹ́bàá ọ̀nà yìí ní 2011, àwọn ará Ìráàkì sì ní ó fẹ́ fún àwọn lọ́rùn ni. Ìráàkì náà ń kọ́ èbúté tirẹ̀ ní Faw, ó sì fẹ́ kí ọ̀nà títì àti ojú irin tó tó 1,200 kìlómítà gba ibẹ̀ lọ dé ẹnubodè Tọ́kì, iṣẹ́ bílíọ̀nù 17 dọ́là tó kéde ní 2023. Èbúté méjì lójú kan, tí wọ́n ń du ọkọ̀ kan náà.

Wọ́n ti ṣe àdéhùn lórí bí ọkọ̀ yóò ṣe máa gba Khor Abdullah ní 2012, àwọn aṣòfin Ìráàkì sì fọwọ́ sí i ní 2013. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìráàkì fagi lé òfin tí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Ohun tó jẹ́ kí ó wọ́lẹ̀ ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ni òfin ìpìlẹ̀ wọn ní kó gbà, àwọn tó gbà ní 2013 kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kùwéètì fárígá, ó ní àdéhùn tí wọ́n ti kó lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í ṣe ohun tí ilé ẹjọ́ ẹnì kan lè fà ya. Fún ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò mọ òfin tí ọ̀nà náà wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ adójútòfò á sì fi ìyẹn kún iye tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń ra ìrẹsì àti ọṣẹ ní Baghdad ló sì máa san án.